Epo ń kán lábẹ́ kabúrétọ̀ Ford 8N: ẹ mọ ibi tó ti ń bọ̀ kí ẹ tó tú u

Bí ẹ bá rí epo tó ń kán lábẹ́ kabúrétọ̀ katakata yín (ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì), tápù tó wà lábẹ́ tánkì ni kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ. Ẹ ti tápù náà pa. Ẹ má tíì mú sípánà, ẹ má sì tíì gbé fóònù láti ra kabúrétọ̀ tuntun. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni tánkì Ford 8N wà, kò sì sí pọ́ǹpù kankan tó ń fa epo. Ìwúwo epo fúnra rẹ̀ ló ń mú un sọ̀ kalẹ̀ wọ kabúrétọ̀. Tí ohun tó yẹ kó dá a dúró kò bá dá a dúró, epo á máa ṣàn títí tánkì á fi gbẹ, ẹ́ńjìnnì ì báà máa ṣiṣẹ́, ì báà ti kú. Tánkì náà ń gba gálọ́ọ̀nù 10 ti Amẹ́ríkà, ó sún mọ́ lítà 38. Ẹ fojú inú wo pẹtiróò lítà 38 lórí sìmẹ́ńtì inú ilé tí ẹ ń kó ẹ̀rọ sí, ní òru, tí gbogbo ará ilé ti sùn.

Ford 8N ni mo mú lò nínú àlàyé yìí nítorí òun ni mo fi ń tú ilẹ̀, òun náà ni mo sì máa ń bá àwọn olóko tó yí mi ká tún ṣe níbí ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ mi ò tóbi. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata rodo ni mo ń gbìn fún àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé wa ní agbègbè Atlanta. Katakata ńlá kò yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ náà ò sì kéré. Láti 1947 títí di 1952 ni Ford fi ṣe 8N, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní 500,000. Ìdí nìyẹn tó fi ṣì pọ̀ lẹ́yìn ilé àwọn àgbà olóko, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, Massey Ferguson tí ẹ mọ̀ ní oko, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, kò ní kabúrétọ̀. Àmọ́ ìbátan ni òun àti 8N. Harry Ferguson ló bá Henry Ford bọwọ́ àdéhùn ní 1938, tí Ford 9N fi jáde ní 1939. Nígbà tí àdéhùn náà tú ká, Ford ṣe 8N láìsí Ferguson níbẹ̀, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọn ò sì yanjú rẹ̀ títí di 1952. Ní 1953, Ferguson lọ da ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ Massey-Harris, ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ti wá. Ẹni tó bá sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kàn án, torí iṣẹ́ kan náà ni fúlóòtì àti abẹ́rẹ́, àwọn tó ń dá epo dúró, ń ṣe nínú kabúrétọ̀ tirẹ̀.

Iná kọ́kọ́

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo apá yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Irin tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà kọjá lára 8N, ara kan náà ni wọ́n jọ ní, kabúrétọ̀ sì so mọ́ ọn lábẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, irin yẹn gbóná débi tó lè sun yín lọ́wọ́. Ẹ ti katakata bọ́ sí ìta gbangba. Ọ̀pọ̀ ilé níbí ló ní ẹ̀rọ amúmigbóná tó ń lo gáàsì nínú ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, iná kékeré kan sì máa ń jó lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ooru pẹtiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rìn gbà, ó sì lè rìn dé ìdí iná yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn bátìrì. Ibí ló ti máa ń dàrú mọ́ àwa tí a kọ́ṣẹ́ nílé lójú, torí ohun tí a mọ̀ ni pé negative ló ń lọ sára ọkọ̀. 8N tí wọn ò tíì yí padà, bátìrì 6 fóòtì (volt) ló ní, positive rẹ̀ ló sì so mọ́ ara katakata. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ tiwọn di 12 fóòtì, tí negative fi wá di èyí tó so mọ́ ara. Nítorí náà, ẹ má wo àwọ̀ okùn. Ẹ fojú tọ okùn náà títí ẹ ó fi rí èyí tí bóòtì dè mọ́ ara irin, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi èkejì, tí sípánà yín sì kan ara katakata, iná á ṣẹ́, nítòsí tánkì epo.

Ẹ gbé ẹ̀rọ apaná sí ìtòsí. Omi kì í pa iná epo, ṣe ló máa ń tàn án ká.

Ohun tó ń dá epo dúró

Inú kabúrétọ̀ ní àwo kan tí epo ń dúró sí. Lórí epo yẹn ni fúlóòtì ń léfòó, bàbà pẹlẹbẹ oníhò nínú ni, ó pín sí méjì lápá òsì àti ọ̀tún. Bí epo bá ń pọ̀ sí i nínú àwo, fúlóòtì á máa gòkè, á sì máa ti abẹ́rẹ́ kékeré kan wọ ẹnu ihò tí epo ń gbà wọlé. Bí epo bá pé ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ á dí ihò náà pa. Bí ẹ́ńjìnnì bá lo díẹ̀, fúlóòtì á sọ̀ kalẹ̀, ihò á ṣí, epo á tún wọlé. Bí bọ́ọ̀lù inú tánkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ń pa omi nìyẹn.

Kabúrétọ̀ tó bá 8N wá, Marvel-Schebler TSX-241, ìsàlẹ̀ ló wà, afẹ́fẹ́ sì ń gòkè gba inú rẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí èyí, epo tó bá pọ̀ jù kì í lè gun òkè lọ. Ṣe ló máa padà wálẹ̀ sínú ọ̀nà ọ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí á sì gba ihò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun náà jáde. Wọ́n dìídì lu ihò yẹn ni. Ẹ má ṣe dí i. Mo ti rí i tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lílágbára dí i pa, tí wọ́n ní epo ti yé kán. Epo ò yé kán rárá: ó ń jókòó sínú ọ̀fun kabúrétọ̀ ni, ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì máa bú padà tí iná á sì gba ọ̀nà ibẹ̀ jáde.

Jẹnẹrétọ̀ kò rí báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kabúrétọ̀ rẹ̀ wà, bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá sì ń jò, epo lè wọ inú sìlíńdà lọ, kó gba ibẹ̀ dapọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹni tí kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ń jò, kó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kó gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi pẹtiróò, tàbí tí ọ́ìlì ti ga ju ìwọ̀n lọ, kó yí ọ́ìlì yẹn dànù kó tó tan án. Irú tó jẹ́ pé a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kò ní ọ́ìlì lọ́tọ̀, ti ìyẹn yàtọ̀.

Níbo? Nígbà wo?

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan kabúrétọ̀ láìjẹ́ pé ó lè sọ ohun tó ń lọ wá nínú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló máa ń bi wá: níbo ló ti ń kán, ìgbà wo ló sì ń kán. Títí di òní, mi ò tíì rí ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ. Àwọn èèyàn ń ra kabúrétọ̀ tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín ohun méjì tó so pọ̀ kí epo má jò) kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ ò ju ti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, mẹ́ta lọ, kabúrétọ̀ tuntun yẹn á sì tún máa kán, torí pé àrùn ò sí lára kabúrétọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi àkísà nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, láti ìdí tánkì títí dé ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀. Ìdọ̀tí ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, torí ara tó dọ̀tí máa ń tan epo káàkiri tí ẹ ò fi ní mọ orísun. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ bu àtíkè díẹ̀, ti ọmọdé náà á ṣe é, kí ẹ fẹ́ ẹ sí gbogbo ibi tí nǹkan ti so pọ̀: ìdí tápù, ife gíláàsì tó wà lábẹ́ tápù, orí àti ìdí páìpù, ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ ti pàdé, àti gbogbo ìdí sikírúù. Ẹ wá ṣí tápù, kí ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jókòó tì í. Epo á la ojú ọ̀nà tirẹ̀ nínú àtíkè funfun yẹn, ẹ ó sì rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, òkè ló ti ń bọ̀. Epo á jáde lára ife gíláàsì tàbí ní ọrùn tápù, á tọ ara páìpù wálẹ̀, á wá so rọ̀ sábẹ́ kabúrétọ̀ kó tó kán. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan, kabúrétọ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ife gíláàsì ni, ẹ tú u, ẹ yí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá etí gíláàsì náà ti ṣá. Ẹ má fún nóòtì abẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù: ọwọ́ lásán tó. Bó bá jẹ́ ọrùn tápù ni, nóòtì kékeré kan wà níbẹ̀ tó di páákì mú (ohun rírọ̀ tó ń dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tápù kí epo má jò). Ẹ fún un díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ yí páákì padà. Bó bá jẹ́ ìdí páìpù, ẹ wo òrùka bàbà tó wà níbẹ̀, òrùka tí wọ́n ti fún tì lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ bá ibòmíràn mu mọ́.

Bí àtíkè òkè bá gbẹ síbẹ̀, tó wá jẹ́ pé ihò ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ń kán, ìgbà náà ni kí ẹ bèèrè ìgbà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ṣóòkù (ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ kí epo lè pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ́ńjìnnì), tí ẹ́ńjìnnì ò tètè dáhùn, tí epo wá kán fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì dáwọ́ dúró, kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Epo tí ṣóòkù fà tí ẹ́ńjìnnì ò lò ló padà wálẹ̀. Díẹ̀ tó kán lẹ́yìn tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì gbígbóná náà, bákan náà ni. Ẹ má tú nǹkan kan. Ẹ wo ìdí tí kò fi tètè dáhùn: iná púlọ́ọ̀gì ló sábà máa ń jẹ́, tàbí bátìrì tó rẹ̀.

Tó bá ń kán ní gbogbo ìgbà tí tápù bá wà ní ṣíṣí, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, abẹ́rẹ́ ò dí ihò rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pàtàkì wà, màá sọ ọ́ láìpẹ́.

Tí kò bá kán nígbà tó dúró, tó jẹ́ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ló ń kán, tí èéfín rẹ̀ sì dúdú, ẹ wo ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wo fúlóòtì. Ẹ rí i pé ṣóòkù ń ṣí tán nígbà tí ẹ bá dá a padà, torí okùn rẹ̀ máa ń há. Ẹ tú abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá ti di ẹrẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ti rọ ọ́ kọjá àmì, ẹ́ńjìnnì ò ní rí afẹ́fẹ́ tó mí, epo ni yóò máa fà dípò rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá dára, a jẹ́ pé fúlóòtì ti ga jù.

Tó bá sì jẹ́ àárín òkè àti ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ ló ń tutù, gásíkẹ́ẹ̀tì ni, tàbí etí irin tó ti tẹ̀ nítorí ẹni tó fún sikírúù rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Kí ẹ tó tú u

Ẹ mú ọwọ́ igi sikirudíráfà, kí ẹ fi gbá ẹ̀gbẹ́ àwo kabúrétọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má fi òòlù ṣe é. Bí epo bá dáwọ́ kíkán dúró, abẹ́rẹ́ ló há, tàbí ẹ̀gbin kékeré kan ló wà lẹ́nu ihò. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ jáde. Ìsàlẹ̀ àwo ní ìdérí kan tí a ń tú láti fi da epo inú rẹ̀. Ẹ gbé agolo irin sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ sì jẹ́ kí epo máa dà. Fúlóòtì á sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, ẹnu ihò á ṣí gbayawu, epo tó ń sáré kọjá á sì gbá ẹ̀gbin lọ.

Ẹ lo àǹfààní yẹn láti wọn bí epo ṣe ń wá sí. Ó yẹ kí ó kún páíǹtì kan, bíi ìdajì lítà, láàárín ìṣẹ́jú méjì, kó sì máa dà láìdáwọ́ dúró. Bó bá ń kán tótótó, ìdí rẹ̀ wà lókè: asẹ́ inú tánkì, asẹ́ tó wà lórí ife gíláàsì, tàbí asẹ́ kékeré tó wà nínú irin títẹ̀ tí páìpù fi wọ kabúrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé asẹ́ kẹta yẹn wà. Ẹ wo ohun tó bá epo jáde nínú agolo náà. Bí ẹ bá rí ìpẹ́ pupa, tánkì ti ń dípẹtà, kabúrétọ̀ tuntun mẹ́wàá ò sì ní wo àìsàn yẹn. Bí ẹ bá rí omi tó dá dúró lọ́tọ̀ ní ìsàlẹ̀, epo tí wọ́n ń tà níbí ló fà á. Ethanol tó wà nínú rẹ̀, tó máa ń tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ń fa omi mọ́ra. Mo máa ń wá ilé epo tó ń ta èyí tí kò ní ethanol fún katakata mi, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi asẹ́ oníke sí àárín páìpù. Èmi ò fara mọ́ ọn lórí 8N. Pọ́ǹpù ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún. Níbi tí epo ti ń fi ìwúwo ara rẹ̀ rìn, wọ́n ń dín in kù, oníke tó sì sún mọ́ irin gbígbóná kò fọkàn ẹni balẹ̀.

Inú kabúrétọ̀

Bí epo bá ṣì ń kán, ó tó àkókò láti tú u. Ẹ ti tápù, ẹ da epo inú àwo, ẹ yọ páìpù, ẹ yọ okùn ṣóòkù àti ọ̀pá tó ń darí eré, lẹ́yìn náà kí ẹ tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó mọ́, kí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, torí nǹkan kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Kí ẹ tó la òkè àti ìsàlẹ̀ níyà, ẹ tú àwọn sikírúù díẹ̀díẹ̀ káàkiri, kí ẹ má tú ẹyọ kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì.

Fúlóòtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fa pínnì tó dì í mú yọ, kí ẹ gbé e sétí, kí ẹ mì ín. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ró nínú rẹ̀, epo ti wọ ibẹ̀, kò lè léfòó mọ́, kò sì lè ti abẹ́rẹ́. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ má tíì gbà á gbọ́: ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi gbígbóná tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ní ibi tí kò sí iná rárá. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, bí ihò bíńtín bá sì wà, ẹ ó rí ìfófòó tó ń jáde. Àwọn kan máa ń jó ihò náà pa pẹ̀lú òjé. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òjé ń fi ìwúwo kún un, bẹ́ẹ̀ epo tó kù sínú rẹ̀ lè gbiná lábẹ́ irin gbígbóná. Ẹ ra òmíràn.

Ẹ wo ara fúlóòtì náà bóyá ibì kan ti ń dán. Ibi tó bá ń dán ti ń fara ha ògiri àwo tàbí etí gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí etí rẹ̀ yọ wọnú àwo díẹ̀, tó sì ń di fúlóòtì mú kó má lè gòkè. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn ti yí abẹ́rẹ́ padà, ti yí fúlóòtì padà, epo ò sì yé kán. Ẹ̀yin ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì lé àwo kí ẹ tó dè é, kí ẹ wò ó láti òkè. Bí etí rẹ̀ bá yọ, ẹ fi abẹ mímú gé e.

Abẹ́rẹ́ wá kàn. Ẹ fà á yọ, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sí oòrùn. Òrùka tó ti jẹ wọ ibi tó máa ń dí ihò túmọ̀ sí pé ó ti gbó. Ẹ má ṣe lo sáńpépà láti fi dán an. Ẹ yí òun àti irin ẹnu ihò rẹ̀ padà pọ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí abẹ́rẹ́ tuntun lórí ẹnu ihò tó ti jẹ kò ní pẹ́ tó fi bàjẹ́. Wáṣà pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ irin ẹnu ihò yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, tàbí tó fi méjì sí i, á rí epo tó ń gba ẹ̀gbẹ́ irin náà kọjá láìka abẹ́rẹ́ sí.

Fún fífọ ìyókù, ẹ lo oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba gbogbo ihò. Ẹ má ki wáyà líle bọ jẹ́ẹ̀tì (ihò tóóró tó ń wọn epo), torí ihò tó bá fi bíńtín fẹ̀ sí i ti yí ìwọ̀n epo padà. Etí irin tó bá ti tẹ̀, ẹ tẹ́ sáńpépà fínnífínní lórí gíláàsì tó tẹ́jú, kí ẹ fi irin náà rọra lọ̀ lórí rẹ̀ títí gbogbo ojú rẹ̀ yóò fi dán bákan náà.

Gíga fúlóòtì

Ibí ni kí ẹ má kánjú sí rárá. Ẹ to abẹ́rẹ́ àti fúlóòtì padà sí apá òkè kabúrétọ̀, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun níbẹ̀, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé kí fúlóòtì wà lókè, kó fi ìwúwo ara rẹ̀ lásán jókòó lé abẹ́rẹ́. Àyè tó yẹ kó wà láàárín gásíkẹ́ẹ̀tì àti ara fúlóòtì jẹ́ 1/4 íǹṣì, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú irin tí ẹ fi ń lu ihò, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1/4 íǹṣì, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ tó dán ki àárín wọn. Ó gbọ́dọ̀ wọlé kó kàn fara kan fúlóòtì láìgbé e sókè.

Bí àyè bá pọ̀ jù, epo inú àwo ò ní tó. Bí ó bá dín, fúlóòtì á pẹ́ kó tó ti abẹ́rẹ́ pa, epo á ga kọjá ìwọ̀n, á sì máa kán. Àtúnṣe rẹ̀ wà lára ahọ́n pẹlẹbẹ kékeré tó ń ti abẹ́rẹ́. Òun ni kí ẹ tẹ̀, pẹ̀lú páláyà kékeré, kí ẹ sì gbé fúlóòtì kúrò lórí abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò tẹ fúlóòtì mọ́lẹ̀ kí ahọ́n náà lè tẹ̀, abẹ́rẹ́ tuntun ló ń bàjẹ́ yẹn. Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ rọra lọ́ ọ títí wọ́n ó fi dọ́gba.

Kí ẹ tó pa á dé, ẹ dán an wò. Bí ó ṣe dojú dé yẹn, ẹ ti rọ́bà mímọ́ tí kò kan epo rí bọ ibi tí epo ń gbà wọlé, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ gbé fúlóòtì sókè, ó gbọ́dọ̀ kọjá. Bó bá ń kọjá nígbà tí fúlóòtì wà nílẹ̀, ẹ padà sídìí abẹ́rẹ́ àti wáṣà, kì í ṣe kí ẹ dè é kí ẹ máa retí. Ẹ má fi ẹnu fa epo láéláé, ní àyẹ̀wò yìí tàbí nígbà mìíràn. Pẹtiróò tó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró ń pa ènìyàn.

Dídè é padà

Ẹ fún sikírúù rẹ̀ káàkiri, díẹ̀díẹ̀, bákan náà. Sikírúù tó ń darí epo fún iṣẹ́ agbára àti èyí tó ń darí rẹ̀ nígbà tó ń sinmi, ẹ yí kọ̀ọ̀kan wọlé títí yóò fi rọra kan ìsàlẹ̀, kí ẹ wá yí i padà síta ní ìyípo kan. Ẹ má fún un mọ́ ìsàlẹ̀: ẹnu rẹ̀ mú, ó sì tètè ń bàjẹ́. Páákì kékeré tó wà ní ìdí sikírúù ńlá náà máa ń jò, ẹ yí i padà bí ẹ bá ti rí i pé ó ti le.

Kí ẹ tó so okùn bátìrì padà, ẹ ṣí tápù, ẹ bu àtíkè sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dúró tì í fún ìdajì wákàtí. Tápù 8N ní ìpele méjì: ìyípo méjì á ṣí epo gidi, ṣíṣí rẹ̀ tán á jẹ́ kí èyí tó kù nísàlẹ̀ tánkì, bíi gálọ́ọ̀nù kan, máa wá. Ẹ fi sí ìyípo méjì. Ẹni tó bá ń ṣí i tán lójoojúmọ́ ti sọ epo ìpamọ́ rẹ̀ nù, á sì máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ tánkì sínú kabúrétọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ nu epo tó wà nílẹ̀, ẹ kó àkísà jìnnà, ẹ so bátìrì, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kó gbóná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn sikírúù náà lọ sápá tí ẹ́ńjìnnì ti dún dáadáa jù. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ẹ máa ti tápù pa ní gbogbo ìgbà, bí abẹ́rẹ́ ṣì tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Bí ìgbà òtútù bá sì ń bọ̀, tí ẹ mọ̀ pé ó máa dúró fún oṣù mélòó kan, ẹ ti tápù nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lo epo inú àwo títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ wá tú ìdérí ìsàlẹ̀ kí ìyókù dà sínú agolo.